Onílù Ìsàlẹ̀ Omi

Ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ẹnu àwọn olóṣèlú ni òwe yìí ti gbó jù. Bí káńsẹ́lọ̀ kékeré kan bá dìde tó ń bú gómìnà, wọn á ní ìròmi lásán ni, ẹ lọ wá onílù rẹ̀. A ti sọ onílù di ọ̀dàlẹ̀ báyìí. Òwe ò kúkú pè é bẹ́ẹ̀. Kò sọ ju pé ẹnì kan ń lùlù kí ijó tó wáyé, omi ló bo onítọ̀hún mọ́lẹ̀.

Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ẹgàn ló jẹ́ kí n tún un rò. Ẹ̀yìn ìtàgé ló ti ń jẹun. Tíátà ò jìnnà sí wa mọ́: nígbà tí Akinwunmi Ambode ń ṣe gómìnà Èkó, láàárín 2015 sí 2019, ìjọba rẹ̀ dáwọ́ lé tíátà kíkọ́ sí Ìgándò, Oregun, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Láti Ẹgàn, kọ̀rọ́pẹ̀ lèèyàn ń wọ̀ dé Ìgándò.

Ìyá ọmọ yìí ò fẹ́ràn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ṣòkòtò dúdú, bàtà dúdú. "Ta ló tún kú?" Kò sẹ́ni tó kú. Bí iná bá kú láàárín ìran kan sí èkejì, òun ni yóò wọlé, gbé àga ọba kúrò, gbé ibùsùn síbẹ̀, kó sì jáde kí iná tó tàn. Ojú ò gbọdọ̀ rí i. Ó ti lẹ téèpù tí kò ju èékánná lọ mọ́lẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ ibùsùn yóò bọ́ sí. Téèpù náà a máa tàn díẹ̀díẹ̀ lókùnkùn. Bí ibùsùn bá yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, iná tí oníná ti tò sílẹ̀ ò ní bà sí òṣèré lójú, inú òkùnkùn ni yóò ti máa sunkún. Ìgbà yẹn ni èrò ìwòran á wá rántí pé ẹnì kan wà lẹ́yìn. Ìgbà tí onílù bá ṣì í lù la tó ń bèèrè orúkọ rẹ̀.

Láyé eré alárìnkiri, irú èyí tí Hubert Ogunde dá sílẹ̀ ní 1945, ẹni tó jọba lálẹ́ lè ti ru pákó lọ́sàn-án. Ìròmi náà ni onílù. Àwọn ilé tíátà ńláńlá bíi ti Ìgánmú, tí wọ́n kọ́ parí ní 1976, tí gbọ̀ngàn rẹ̀ gba 5,000 èèyàn nígbà náà, ló túbọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ ọ̀hún ò dùn mí. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju kí ẹnì kan dá a ṣe lọ. Owó ló ń dùn mí. Bí owó eré bá fẹ́ kù, ti ẹni tójú ò rí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé.

Lọ́jọ́ kan, ó mú ìyá rẹ̀ lọ wo eré. Nínú kọ̀rọ́pẹ̀, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ìyá ní:

"Mo wò títí, mi ò rí ọ."

"Màmá, ẹ rántí àga ọba tó di ibùsùn?"

"Ìyẹn tó yọ lójijì? Mo tiẹ̀ pariwo."

"Èmi ni mo gbé e."

Ìyá ò fèsì títí wọ́n fi dé Ẹgàn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú náà, ó ti sá a sórí okùn.