Bíà pípọn nínú ilé ní London: Páálí tó kéré jù kọ́ ló dínwó jù

Bí ọdún Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nílùú London, irú páálí kan wà tó máa ń pọ̀ lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà. Àwòrán ife bíà tó ń hó yàà wà lára ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè pọn bíà tirẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bí ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Peckham bá wo iye tó ń bá bíà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún, títí kan èyí tó fi ń ṣàlejò níjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò ní í ṣòro kí páálí yìí wọ̀ ọ́ lójú. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò sì nawọ́ sí, nítorí yóò ní bí kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, owó tó bá a lọ kò ṣáà pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti máa ń yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn páálí náà sábà máa ń jẹ́ ìgò dígí kan tó gba gálọ́ọ̀nù kan péré, ìyẹn páíǹtì 8. Ọkà báálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hù, tí wọ́n sá, tí wọ́n sì fọ́, ló máa ń wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀psì àti yíìsì. Ẹni tó rà á ni yóò rẹ ọkà náà sínú omi gbígbóná fún nǹkan bíi wákàtí kan, tí yóò máa ṣọ́ ọ kí ìgbóná rẹ̀ má kúrò láàárín 65 sí 68 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yóò sẹ́ ẹ, yóò tún gbé omi rẹ̀ kaná fún nǹkan bíi wákàtí kan mìíràn. Ẹni tó bá ti rí ìyá àgbà tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí, tó ń rẹ àgbàdo, tó ń jẹ́ kó hù, tó ń sá a, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ń sè é, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ àtayébáyé ni. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ wàhálà odidi ọjọ́ kan nítorí páíǹtì 8! Ẹ̀bùn ọdún nìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà àtidín ìnáwó kù.

Èkejì ni páálí oníbókẹ́ẹ̀tì. Agolo kan ló wà nínú ẹ̀, omi ọkà báálì tí ilé iṣẹ́ ti sè títí tó fi ki bí oyin, tí wọ́n sì ti fi họ́ọ̀psì sí. Coopers ti Australia àti Muntons ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó ń ṣe é. Wọ́n á po ohun inú agolo mọ́ omi gbígbóná àti ṣúgà nínú bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bu omi tútù lé e títí yóò fi tó lítà 23, ìyẹn nǹkan bíi páíǹtì 40. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á da yíìsì sí i, wọ́n á dé e. Kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yìí kì í ṣe ti ìsọ̀ kan pàtó, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní páálí kékeré jẹ́ £35, kí ti oníbókẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ £70 pẹ̀lú agolo àkọ́kọ́. Lójú, kékeré ló dínwó. Ṣùgbọ́n £35 pín sí páíǹtì 8 lé ní £4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí £70 pín sí páíǹtì 40 jẹ́ £1.75. Bí agolo mìíràn àti ṣúgà bá tún jẹ́ £20, páíǹtì kan nígbà kejì di 50 pẹ́ńsì, nítorí bókẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Ohun tí páálí náà fi gbówó lórí ni ike àti irinṣẹ́ tí ẹni tó bá tọ́jú wọn yóò fi pọntí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó yẹ kí oníbàárà ṣí páálí wò fún kò pọ̀. Bókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tí inú rẹ̀ ju lítà 25 lọ kí ìfófòó má baà yọ síta, pẹ̀lú ìdérí tó ní airlock, ìyẹn ike kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tí kì í jẹ́ kí eruku wọlé. Rọ́bà tí wọ́n á fi fa ọtí, oògùn apakòkòrò tí kò ní òórùn, tẹmómítà, àti ọ̀pá tó ń léfòó tí wọ́n ń pè ní háídírómítà. Ìgò kì í sí nínú ọ̀pọ̀ páálí, bẹ́ẹ̀ lítà 23 nílò ìgò oníìlàjì lítà bíi 46! Kí onítọ̀hún má sáré ra tuntun. Ike ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ti mu tán, tí wọ́n fọ̀ dáadáa, á gba agbára afẹ́fẹ́ inú bíà. Ike omi lásán kò lè gbà á.

Bí owó bá fẹ́ há, ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ni háídírómítà. Bí ọtí bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.040, tó wálẹ̀ dé 1.010, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 4 nínú 100. Tó bá dúró lójú kan náà fún ọjọ́ méjì, yíìsì ti jẹ ṣúgà tán. Ẹni tí kò ní in, tó ń fojú díwọ̀n, lè rọ ọ́ sínú ìgò nígbà tí ṣúgà ṣì pọ̀ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa kóra jọ, ìgò dígí á sì bú gbàmù. Àwọn tó ti gbá àfọ́kù ìgò nílẹ̀ ilé ìdáná mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú bókẹ́ẹ̀tì àti ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìgò kò pọ̀ jù.

Kí ó tún mọ̀ pé owó tó wà nínú lítà 23 lè ṣòfò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ìdọ̀tí bá kan án. Ohunkóhun tó bá máa kan ọtí lẹ́yìn tó bá ti tutù gbọ́dọ̀ gba oògùn apakòkòrò. Ìgbà òtútù náà ní tirẹ̀: bí yàrá bá tutù jù, yíìsì á sùn lọ, ẹni tó pọn ọ́n á sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Ní ti òfin, ọdún 1963 ni Reginald Maudling, mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń pọn bíà nínú ilé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pọn ọ́n fún ìlò ilé ara rẹ̀ kò jẹ ìjọba lówó orí. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e lọ sí òde àríyá tó sì gba kọ́bọ̀ lórí ife kan, ọ̀rọ̀ ti di ti òǹtajà tí kò ní ìwé àṣẹ.

Àwọn kan ti ń gbèrò àtifi irú páálí yìí ránṣẹ́ sílé. Ìgbóná bíi 18 sí 22 ló bá yíìsì ọ̀pọ̀ bíà wọ̀nyí lára mu, yàrá Èkó sì máa ń tó 30. Bíà tó bá hó nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ máa ń ní adùn tó ń ta bí ẹmu àná. Wọ́n lè gbé bókẹ́ẹ̀tì náà sínú agbada omi tútù, kí wọ́n fi aṣọ tútù wé e, á dín díẹ̀. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ní àyè nínú fìríìjì, tí iná mànàmáná wọn kì í sì í lọ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, lè bá a ra èyí tó jẹ́ oníbókẹ́ẹ̀tì.