Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí, Òkú Kọ́

Èrò mi lónìí kò gùn, àmọ́ ó le díẹ̀: ẹni tó bá ní òun yóò pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yín rẹ́ nítorí pé Linux kò dìde lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ gba kọ̀ǹpútà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi oṣù mẹ́jọ gba ohùn àwọn àgbà tó ń sun rárà sílẹ̀ ní Mushin. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí NEPA mú iná lọ. NEPA náà ni a ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pa orúkọ yẹn tì láti ọdún 2005. Nígbà tí iná dé, ìlà funfun lójú dúdú ló rí: "Kernel panic". Ó gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yaba. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, ohùn àwọn àgbà sì ti lọ. Méjì nínú wọn ti di ará ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ dísìkì yẹn kò ṣàìsàn. Ara èso ni àwọn òyìnbó ti yá ọ̀rọ̀ náà kernel; ekùrọ́ ni tiwa, n kò sì rí ìdí tí a kò fi ní pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà àtúnṣe, Ubuntu máa ń gbé ekùrọ́ tuntun sínú /boot, á sì di àpò kékeré kan fún un, initramfs, tó kó ohun tí ekùrọ́ nílò láti rí dísìkì. Bí iná bá lọ kí àpò náà tó pé, ekùrọ́ yóò jí, kò ní rí ilé wọ̀. Ṣùgbọ́n ekùrọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tẹ Esc kí GRUB lè yọjú. Shift ni ẹ ó dì mú lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ yan "Advanced options for Ubuntu", kí ẹ mú ekùrọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti tuntun. Bó bá ti wọlé, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sórí fláàṣì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ àwọn àṣẹ yìí:

sudo dpkg --configure -a
sudo update-initramfs -u -k all
sudo update-grub

Bí kò bá wọlé rárá, ẹ fi fláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan ẹ̀rọ, ẹ yan kí ẹ kàn dán an wò, kí ẹ sì kó fáìlì yín jáde.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe ààbò kan tí Microsoft ṣe sí Windows dínà mọ́ Linux lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló tì. Ẹrù inú ilé wà bó ṣe wà.

N kò bú àwọn oníṣẹ́. Oníbàárà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó sùúrù. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ èdè kò gbọdọ̀ sá fún gbólóhùn kan lójú ẹ̀rọ. "Unable to mount root fs": ẹ tú u palẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú ewì.

Ìjáyà ni mo ń pe panic. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fara mọ́ ìpayà. Ẹni tí ẹlòmíràn dẹ́rù bà ni ìpayà ń bá. Ìjáyà ni ti ẹni tó gbẹ́sẹ̀ tí kò bá ilẹ̀ níbẹ̀. Ti ekùrọ́ jọ ìkejì.