Ẹ Má Fi Agbára Jí Katakata

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti rọ̀ ní agbègbè Kétu tàbí ti Ṣábẹ, ọjọ́ díẹ̀ ni àgbẹ̀ ní láti fi tú ilẹ̀ kí ó sì gbin àgbàdo. Àwọn tí agbára wọn ká a a máa dáwó jọ, wọn a sì san owó yá katakata. Nígbà náà ni ẹ ó rí ìran kan tí gbogbo wa mọ̀. Katakata àgbà dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko, awakọ̀ ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n kò jí. Àwọn olóko mẹ́fà tàbí méje yí i ká, olúkúlùkù sì ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n tì í. Èkejì ní kí wọ́n fi òòlù gbá a. Ẹ̀kẹta ti lọ ra esáǹsì inú ìgò, ó fẹ́ dà á sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí.

Èrò tiwa ni pé irú ìkánjú yìí ń ba katakata jẹ́ ju ogbó lọ. Ẹ wo Massey Ferguson 135. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, síbẹ̀ ó ṣì ń tú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè títí di òní. Ẹ́ńjìnnì Perkins tí ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹni tí ó bá ní sípánà, àkísà mímọ́ àti sùúrù lè jí i.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní 1858, ni ó ronú irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní 1897 ni ó yege. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ní bùjí tí ń ṣáná sí esáǹsì. Ẹ́ńjìnnì gásóìlì kò ní bùjí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ kíkankíkan títí yóò fi gbóná gan-an. Póǹpù yóò wá tu epo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná náà, epo yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí póǹpù a máa gbóná. Ọ̀ràn kan náà ni.

Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ̀pá tí epo ń gbà kọjá, ìjà dé. Epo kò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Póǹpù yóò máa tẹ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yóò máa sún kì, yóò tún máa wú padà, epo kò sì ní dé ibi tí à ń rán an. Bí epo bá tán nínú táǹkì, afẹ́fẹ́ yóò wọlé. Bí a bá pààrọ̀ àsẹ́ epo, yóò wọlé. Oríkèé ọ̀pá tí ó bá dẹ̀ lè fà á wọlé pẹ̀lú, bí epo kò tilẹ̀ kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó fi kọ́kọ́rọ́ fìyà jẹ bátìrì, ẹ wò bóyá epo wà nínú táǹkì, bóyá ẹnu ọ̀nà epo ṣí, àti bóyá okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Okùn yìí ti fi òwúrọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòfò.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu orí àsẹ́ epo kí iyanrìn má bàa wọlé. Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré tí ó wà lórí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ apá kékeré tí ó wà lára póǹpù tí ń fa epo láti inú táǹkì. Bí apá náà bá rọ̀ lọ́wọ́ yín tí kò fa nǹkankan, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀. Epo yóò jáde pẹ̀lú ìfófòó. Ìgbà tí ìfófòó bá tán, tí epo ń ṣàn geere, ni kí ẹ tó dè é. Bákan náà ni ẹ ó ṣe lára póǹpù ńlá tí ń pín epo. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ dẹ orí àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lọ sórí ẹ́ńjìnnì, kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ títí epo yóò fi ta jáde, kí ẹ sì dè wọ́n padà. Ẹ ka ení, èjì, dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Dèmárọ̀ nílò ìsinmi kí ó má bàa jó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìka wá ibi tí epo ti ń jò lára àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Epo inú wọn lágbára tó láti gún awọ ara wọlé. Ojú egbò lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí ọwọ́ sì máa bàjẹ́ nínú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ní ti esáǹsì tí wọ́n ń dà sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ó lè gbiná ṣáájú àkókò, kí ó fọ́ písítọ́ọ̀nù, tàbí kí ó bù mọ́ ojú ẹni tí ó dà á.

Èyí tí ó burú jù ni ti awakọ̀ tí ó dúró nílẹ̀, tí ó fi irin so ojú iná méjèèjì lára dèmárọ̀ pọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè jí. Bí katakata bá wà nínú jíà, yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà ńlá ẹ̀yìn sì nìyí níwájú ẹni tí ó jí i. Irú ikú yìí ti pa àwọn awakọ̀ ní oko káàkiri ayé. Orí ìjókòó ni a ti ń jí katakata, pẹ̀lú jíà lófìfo.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ṣùgbọ́n ta ni ń kán awakọ̀ lójú? Àwa ni. Níbi tí a bá ti ń san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí hẹ́kítà tí ó tú, gbogbo ìṣẹ́jú tí ó fi nu àsẹ́ ni ó ń jẹ nínú owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ tí ó ni katakata san owó ìdajì wákàtí ìtọ́jú fún un ní àràárọ̀. Kí wọ́n sì yé ra gásóìlì kpayo ẹ̀bá ọ̀nà nítorí ẹ̀dínwó, nítorí omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni póǹpù yóò mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ nínú ẹgbẹ́, ẹ gba ìwé kan fún katakata náà. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ àsẹ́, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì, àti ọjọ́ tí ó kọ̀ láti jí pẹ̀lú ohun tí ẹ ṣe kí ó tó jí. Kí ìwé náà má gbé ilé alága o. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni àyè rẹ̀.