Ife Wísíkì Àtijọ́ àti Sódàbì Tiwa

Ìbéèrè kan ni àwọn ọ̀dọ́ Kèrè àti ti àwọn abúlé tí ó yí i ká ń bi wá lemọ́lemọ́: báwo ni a ṣe ń po ọtí wísíkì tí wọ́n ń pè ní Old Fashioned, èyí tí àwọn òṣèré máa ń gbé lọ́wọ́ nínú fíìmù? Ìbéèrè náà tọ́ sí ìdáhùn lójú ewé yìí, nítorí pé ife ọ̀hún kì í ṣe àjèjì sí wa tó bí a ti rò. Ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 18 ni à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí ara rẹ̀ kọ ọtí yóò rí ìpín tirẹ̀ níwájú.

Ní ọdún 1806, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣàlàyé fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ ohun tí kọkitéèlì jẹ́. Ohun mẹ́rin péré ni ó kà: ọtí líle èyíkéyìí, ṣúgà, omi, àti ìkorò, ìyẹn oje egbò àti èèpo igi kíkorò tí a ti rẹ sínú ọtí. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ta ọtí ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da oríṣiríṣi ọtí adùn mọ́ ọn. Àwọn oníbàárà kan kò fẹ́ bẹ́ẹ̀; wọ́n ní kí wọ́n po tiwọn bí ti àtijọ́. Bí orúkọ náà ṣe wáyé nìyẹn.

Ìkorò yẹn ni ó yẹ kí ó dá wa dúró díẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù lọ lágbàáyé ni Angostura. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Johann Siegert, ni ó ṣe é ní ọdún 1824 ní ìlú Angostura, ní ilẹ̀ Venezuela, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Simón Bolívar. Oògùn inú ni ó fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe ohun fàájì. Ẹni tí ó bá ti wọ yàrá bàbá àgbà kan ní àwọn òkè Ìdáàṣà, tí ó sì rí ìgò tí egbò igi kún dé ìdajì ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kò nílò kí a ṣàlàyé Angostura fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan náà ni bàbá àti oníṣègùn Jámánì náà gbà.

Láti inú ọkà ni wísíkì ti ń wá. Àwọn ará Scotland ń lo ọkà báálì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ọtí náà pamọ́ sínú àgbá igi óákù fún ọdún 3, ó kéré tán. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní bourbon, ó kéré tán àgbàdo ni ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ọkà rẹ̀: àgbàdo kan náà tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ. Àgbá igi ni ó ń fún un ní àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò wísíkì gidi kì í ṣe owó kékeré fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́, a kò sì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó torí ife kan jẹ gbèsè, nígbà tí àlàyé ọdún 1806 sọ pé ọtí líle èyíkéyìí ni.

Sódàbì tiwa, ẹmu ọ̀pẹ ni. Ní gúúsù Benin, wọ́n a gé ọ̀pẹ lulẹ̀, wọ́n a sì dá ẹmu rẹ̀ níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí. Ó máa ń ya àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà lẹ́nu, àwọn tí ń fi igbà gun tiwọn. Ẹmu tí ó ti kan ni wọ́n ń sè nínú àgbá irin. Oru rẹ̀ a gba inú páìpù bàbà tí a rì sínú omi tútù kọjá, a sì máa kán ní ìhà kejì. Ìtàn tí ó wà lẹ́nu àwọn ará Allada ni pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sodabi, tí ó lọ jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni ó kọ́ ọtí sísè níbẹ̀, tí ó sì fi ẹmu ọ̀pẹ dán an wò nígbà tí ó padà dé. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, nítorí ọtí òkè òkun ń mú owó ibodè wá fún wọn. Ẹ wo nǹkan: ìmọ̀ tí ọmọ ogun gbà ní ilẹ̀ Faransé ni ìjọba Faransé tún kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ní ilé rẹ̀. Òfin náà ti lọ, sódàbì ṣì wà.

Ó ku pípò. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìkorò. Ẹ bó orógbó 2, ẹ rẹ́ wọn wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú ṣí èèpo ọsàn 1, apá tí ó ní àwọ̀ nìkan, nítorí funfun abẹ́ rẹ̀ ń ba adùn jẹ́. Ẹ fọ́ ẹ̀ẹ̀rù 1, ẹ fi hóró atare bíi 10 kún un. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ da ọtí sántílítà 20 lé e, ẹ dé e, kí ẹ sì máa mì ín lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ keje, ẹ sẹ́ ẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ata ilẹ̀ rọ́pò atare. Ṣùgbọ́n egbò igi tí ẹ kò mọ̀ dájú, ẹ má fi sí i. Ohun tí bàbá ń lò fún àìsàn kan, ní ìwọ̀n kan, kì í ṣe ohun tí a ń kán sínú ife àlejò.

Ní ọjọ́ tí ẹ ó mu ún, ẹ bu ṣúgà pupa tàbí oyin ṣíbí tíì kan sínú ife tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹ kán ìkorò sí i, ìkán 5 tàbí 6, kí ẹ bu omi ṣíbí tíì 2 lé e, ẹ rò ó títí ṣúgà yóò fi yọ́. Lẹ́yìn náà ni ọtí: wísíkì sántílítà 4, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ 3 tí kò kún. Bí ó bá jẹ́ sódàbì tí kò ní ìwé lára, ẹ fi ṣíbí 2 mọ, nítorí agbára rẹ̀ lè ju ti wísíkì lọ dáadáa. Ẹ ju omi dídì ńlá kan sí i; èyí tí ó tóbi kì í tètè yọ́. Ní ilé tí kò sí iná mànàmáná, omi inú àmù tó, kí ẹ sì fi ṣíbí kan kún omi ti ìṣáájú. Ẹ rò ó díẹ̀, ẹ fún èèpo ọsàn lé e lórí kí òróró rẹ̀ fọ́n sójú ọtí, ó tán.

Omi ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń fò. Wọ́n ní àbùlà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́: omi ni ó ń jẹ́ kí òórùn ọtí líle jáde kí iná rẹ̀ má bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sántílítà 4 wísíkì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìgò bíà kékeré kan, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò tó nǹkan nínú ife.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wá ni ó wá ṣe pàtàkì jù: kí ni ó wà nínú ìgò tí ẹ rà? Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ènìyàn tí ó ju mẹ́wàá lọ kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orí ń fọ́ wọn, ojú wọn ń ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ̀tánọ́ọ̀lù ni, láti inú ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n mu. Mẹ̀tánọ́ọ̀lù jẹ́ ọtí ilé iṣẹ́, tí a ń lò nínú ọ̀dà àti epo. Díẹ̀ rẹ̀ lè wà nínú ọtí tí a sè, asèwé tí ó mọ iṣẹ́ a sì máa da èyí tí ó kọ́kọ́ kán nù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ tó láti pa agbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé oníṣòwò kan ni ó bù ú mọ́ ọjà kí èrè rẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó gbé ọtí fún àlejò ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. A fẹ́ràn àṣà náà, a kò sì fẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká mẹ̀tánọ́ọ̀lù. Ahọ́n kò lè yà á sọ́tọ̀ nínú ọtí, ó sì lè tó wákàtí 12, àní ọjọ́ kan gbáko, kí ó tó fara hàn. Onílé yóò tọ́ ọ wò, yóò rẹ́rìn-ín, yóò gbé e fún àlejò, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni yóò sì mọ́ bá àwọn méjèèjì nínú ewu. Àwọn kan ń ṣáná sí ọtí, wọ́n ní bí iná rẹ̀ bá ní àwọ̀ aró, ó dára. Irọ́ ni, iná mẹ̀tánọ́ọ̀lù náà ní àwọ̀ aró. Nítorí náà, kí onílé tó tọ́ ọtí wò, kí ó kọ́kọ́ lè dárúkọ ẹni tí ó sè é. Bí kò bá lè dárúkọ rẹ̀, kí ó má gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń ṣú, tí ó ń bì, ní ọjọ́ kejì tí ó mu ọtí, ilé ìwòsàn ni kí a sáré gbé e lọ pẹ̀lú ìgò tí ó mu, kì í ṣe kí a máa rọ epo pupa sí i lẹ́nu.

Ìpín àwọn tí kì í mu ọtí nìyí. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ orógbó 1 tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú èèpo ọsàn títí yóò fi tutù. Ìkorò yín nìyẹn, láìsí ọtí. Ẹ po tíì dúdú kí ó le, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì lò ó ní ipò wísíkì, ìwọ̀n mìíràn kò yí padà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ti fíìmù, kódà ó jọ ọ́ ju ti sódàbì lọ. Dassa ni ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Savalou ti pínyà, ọkọ̀ ẹrù kì í sì í dáwọ́ dúró níbẹ̀ lóru. Ẹni tí yóò bá gun alùpùpù kúrò ní ilé yín padà síbẹ̀ lálẹ́, ife tíì yìí ni kí ẹ po fún un, láì bi í léèrè.