Ẹ̀yin Oní-píkọ́ọ̀pù Thamesmead, Ẹ Fura sí Ìgò Oògùn Epo

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù jẹun ní Woolwich àti Thamesmead, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí: ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà àga àti kánópì fún àwọn olóde àríyá, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kúlà ìrẹsì lọ sí gbọ̀ngàn lálẹ́ Sátidé. Ibi yòówù ká ti pàdé, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí, torí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́ nílé tí mo tún wá kàwé lé e lórí níbí. Dísù ilé epo wo ló dáa jù? Oògùn wo ni kéèyàn máa bù sí i? Àti èyí tó wá gbòde jù báyìí: ṣé lóòótọ́ ni pé ìgò kan wà téèyàn lè dà sínú táńkì, tí ọkọ̀ ọdún 2012 yóò fi bọ́ lọ́wọ́ owó ULEZ?

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn. Kò sí irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tà á fún yín, owó yín ló ń wá. Kámẹ́rà ULEZ kì í gbóòórùn èéfín. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń kà, wọ́n á sì wò ó nínú àkọsílẹ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì náà wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Euro 6. Píkọ́ọ̀pù àti fáànù dísù tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 wá sábà máa ń wà ní ìpele yìí. Èyí tó bá dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ dà oyin sínú táńkì rẹ̀, £12.50 ni lójúmọ́.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2019, àárín ìlú nìkan ni. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọ́n fà á dé South Circular, títì tó wá parí sẹ́bàá odò ní Woolwich wa níbí, níbi tí fẹ́rì wà. Ẹni tó ń gbé Charlton bọ́ sínú rẹ̀, ẹni tó ń gbé Thamesmead wà níta, a sì ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni tiwa dé, tó kárí gbogbo Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52, £3,250 lọ́dún, ẹ ò tíì ra epo o. Ẹ sì fojú sí èyí: aago méjìlá òru ni ọjọ́ ń yí padà lójú tiwọn. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ lọ sí ìṣọ́ òru láago mẹ́wàá alẹ́ Fúráìdè, tó gbé e padà láago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ méjì ló wakọ̀ yẹn, £25. Ẹni tí kò bá san án, £180 ni ìtanràn, tí yóò di £90 bó bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo fúnra rẹ̀. Gbogbo dísù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ojú títì nílẹ̀ yìí, yálà ti ṣọ́ọ̀bù ńlá ni o, yálà ti ilé-iṣẹ́ olórúkọ ni o, ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, EN 590. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀, èyí táwọn òyìnbó ń pè ní sulphur, kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Epo tí wọ́n fi ewéko àti ọ̀rá ṣe kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òun ló fà á tí ẹ fi ń rí B7 lára ẹ̀rọ. Bí òtútù bá dé, láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta, wọ́n ti máa ń tún un ṣe kó má baà dì títí òtútù yóò fi dé -15. Ìyẹn ni pé ẹ ò nílò láti fi kẹrosíìnì là á gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ti máa ń ṣe. Kẹrosíìnì kò ní ọ̀rá tó yẹ fún pọ́ńpù epo ìgbàlódé, irin á máa họ irin, òfin ilẹ̀ yìí pàápàá kò sì gbà á. Dísù pupa, èyí tí owó orí rẹ̀ kéré, kò bófin mu nínú ọkọ̀ ojú títì rárá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tún ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ pàápàá. Bí àwọn HMRC bá fa epo jáde nínú táńkì yín, àwọ̀ rẹ̀ ló máa tú yín fó.

Àwọn epo olówó ńlá ńkọ́? Iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n fi ọṣẹ sí i ju ti ìyókù lọ, ọṣẹ tó ń fọ ojú nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń tètè gbiná, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ pẹ́ńsì 15 lórí lítà kan, táńkì Hilux tó ń gba lítà 80 ti di £12 léraléra nìyẹn. Lójú tèmi, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó lè máa rà á lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn táńkì mẹ́rin, ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni ìgò ojúlówó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ ń ṣe: ọṣẹ nọ́sù ni. Nọ́sù tó dọ̀tí lè mọ́ díẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Nọ́sù tó ti jẹ kò ní padà di tuntun. Àwa Yorùbá náà fẹ́ràn ohun tó bá ti wà nínú ìgò jù, bóyá agbo ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Agbo jẹ̀díjẹ̀dí kan ṣoṣo tó tún ń wo ibà, ẹ̀yìn ríro àti àìróorunsùn.

Oògùn kan ṣoṣo tí mo lè ní kí ẹ fọkàn sí ni èyí tó ń pa kòkòrò inú dísù, ó sì níbi tó ti wúlò. Epo B7 máa ń fa omi mọ́ra, kòkòrò tí ojú kò lè rí sì máa ń hù níbi tí omi àti epo ti pàdé, wọ́n á di bíi ilá, wọ́n á dí fítà. Ẹni tó fẹ́ relé fún oṣù mẹ́ta, kó kún táńkì rẹ̀ dẹ́nu kó tó lọ, kí afẹ́fẹ́ olómi má ráyè nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti AdBlue, torí ibí yìí ni ẹ́ńjìnnì ti ń kú jù. Orúkọ rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Kì í ṣe ohun tí à ń dà sí epo. Yúríà ni, ìdá 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyókù jẹ́ omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Táńkì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ìdérí aláwọ̀ búlúù, inú sálẹ́ńsà ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́, tó ń sọ gáàsì olóró di afẹ́fẹ́ tí kò pani lára. Ẹni tó bá dà á sínú táńkì dísù, kó má ṣe tan ọkọ̀ náà rárá, kódà kó má yí kọ́kọ́rọ́. Kó pe ẹni tó máa fa táńkì gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ra yúríà ajílẹ̀ àgbẹ̀ kó lọ pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ nínú ilé láti fi dípò rẹ̀. Ẹ wá ISO 22241 lára ike rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ DPF, fítà tó ń mú ìdọ̀tí èéfín nínú sálẹ́ńsà. Fítà yìí máa ń sun ìdọ̀tí inú ara rẹ̀ nígbà tó bá gbóná gan-an, ìyẹn nígbà tí ọkọ̀ bá sáré dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo ìrìn tiwa: láti Thamesmead sí ilé-ìwé ọmọ, sí Plumstead Road, sí ọjà ní Woolwich, sí ṣọ́ọ̀ṣì, ká padà. Kò lè gbóná láéláé. Iná pupa á tàn, ẹ á sáré ra ìgò, ìgò kò ní ṣe é. Ohun tó ń ṣe é ni kí ẹ gba A2 lọ sápá Gravesend kí ẹ padà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa lo ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, torí eérú ọ́ìlì lásán ń dí fítà, eérú kì í sì í jó mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì kan wà tó jẹ́ pé kíá ni wọ́n ti ní kí ẹ jẹ́ káwọn fọ́ fítà náà dànù, pé ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ fò. Láti oṣù kejì ọdún 2014 ni ọkọ̀ tí wọ́n yọ DPF rẹ̀ ti ń fìdí rẹmi nínú MOT, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £2,500 fún fáànù àti píkọ́ọ̀pù. Mi ò tiẹ̀ fẹ́ fi òfin dẹ́rù bà yín. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Ella Adoo-Kissi-Debrah yẹ̀ wò. Ọmọ ilẹ̀ Gánà ni ìyá rẹ̀, Lewisham ni wọ́n ń gbé, nítòsí South Circular yìí kan náà. Ikọ́ fée gbé e lọ sílé ìwòsàn léraléra, ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2013, ọmọ ọdún 9. Ìyá rẹ̀ ò sinmi, títí adájọ́ tó ń wádìí ikú fi sọ ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 pé èéfín ọkọ̀ inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó pa á. Òun lẹni àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí tí wọ́n máa kọ irú rẹ̀ sí ìwé ikú rẹ̀. Ẹni tó fọ́ fítà ọkọ̀ rẹ̀, ta ló máa kọ́kọ́ fa èéfín náà símú? Ọmọ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn ni, àti àwọn ọmọ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì níbi tó ti ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra píkọ́ọ̀pù fún ilé, ẹ tún fetí sí i. Ọkọ̀ tó ní DPF àti AdBlue, dísù olómi imí-ọjọ́ díẹ̀ ló ń fẹ́. Lọ́dún 2016, àjọ Public Eye ti Siwitsalandi fi hàn pé imí-ọjọ́ tó wà nínú dísù tí wọ́n ń tà fún wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfríkà ju ohun tí Yúróòpù ń gbà lọ ní ìlọ́po ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lọ́dún 2020, ECOWAS fẹnu kò sí 50 nínú mílíọ̀nù kan. Lọ́dún 2024, Dangote àti àjọ NMDPRA sì tún tahùn síra wọn ní gbangba lórí iye tó wà nínú dísù ilé ìfọpo tuntun náà. Ẹni tó bá ń fi Hilux ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó bi í kó tó ra ọkọ̀: níbo lẹ ti ń ra dísù, ta ló sì máa ń bá yín tún un ṣe? Nígbà míì, ọkọ̀ bẹntiróò ni ìdáhùn.

Èmi fẹ́ kí ẹ bá àwọn káńsẹ́lọ̀ yín ní Greenwich àti Bexley sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí ìjọba náà jẹ wá lẹ́jọ́. Ìjọba ló gbé owó orí ọkọ̀ lé ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù lọ́dún 2001, tí ọ̀pọ̀ fi sá lọ ra dísù. Mayor fi £210 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún pípààrọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ó sì ti pa dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà wa ò mọ̀ pé ó wà kó tó parí. Nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọn yóò tún ṣí i, àti bóyá wọ́n máa kọ ọ́ sí èdè tí gbogbo ilé yóò lóye.