Ẹ Má Fi Ìwé Nìkan Kọ́ Ọmọ Nílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láyé àtijọ́, ẹ̀ṣọ́ náà kò pin sórí ìkíni àti ìtẹríba. Ní agboolé alágbẹ̀dẹ, ọmọdé a máa fi ẹwìrì fínná kí ó tó dẹni tí ń gbé ọmọ owú. Ní agboolé aláró, ọmọbìnrin a máa jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ìkòkò títí òun náà yóò fi mọ ìgbà tí aró tó rẹ aṣọ. Kò sí ẹni tí ó pe ibẹ̀ ní ilé-ìwé, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ìwé ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ òbí di olùkọ́ lójijì. Àwọn kan ti ń kọ́ ọmọ wọn nílé ṣáájú ìgbà náà. Àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, ní Nàìjíríà àti láàrin àwọn Yorùbá tí ń gbé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ìsapá wọn yẹ fún ìyìn. Àléébù ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kàn gbé ilé-ìwé wọ pálọ̀ ni. Láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán, ojú àti etí ọmọ nìkan ní ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sì rántí ọwọ́, ohun ìṣeré oníke tí a ti gé sílẹ̀ nínú páálí ni wọ́n ń rà. Ọmọ tò ó pọ̀, ó parí.

Ẹ wo iṣẹ́ àdìrẹ tí a mọ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ́. Ewé èlú tútù ni àwọn aláró ń gún nínú odó, tí wọ́n ń mọ ní róbótó, tí wọ́n sì ń sá sóòrùn. Wọn a di eérú sínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí, wọn a gbé e ka orí òmíràn, wọn a sì bu omi sí i kí ó máa kán sísàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú gbígbẹ sí fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ọmọ bá fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ funfun, tí ó rì í bọ aró, tí ó sì fà á yọ, aṣọ náà yóò kọ́kọ́ rí bí ewé tútù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di búlúù lójú rẹ̀.

“Kí ló fà á?” ni ọmọ yóò bi. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá tú ìko, tí aró ti wọ ibi tí ó yẹ kí ó funfun, kò sí olùkọ́ tí yóò fi bírò pupa fàlà sí i. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé ìdì rẹ̀ kò le.

Baba kan lè wí pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun di aláró. Òótọ́ ni pé láyé àtijọ́, ẹni tí a bí sí ìdí ẹwìrì, ìdí ẹwìrì ni a ń retí rẹ̀ sí. Kí ìyẹn má padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀, tí ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà, tí ó sì ń wádìí ìdí tí kò fi lọ tààrà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ẹnjiníà.

Ewu wà níbẹ̀: omi eérú a máa jó ara, agolo a máa gé ọwọ́. Àgbà gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Níbí gan-an ni ilé ti ní ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ní ilé-ìwé: àkókò àti àgbà. Ìyá àgbà tí ó mọ ìdí èlú lè jókòó sí igun pálọ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kàwé, kí wọn má sì rí nǹkan bára wọn sọ ju ìkíni lọ. Aró òyìnbó ti gba ipò èlú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláró. Àwọn tí ó mọ ti àtijọ́ ń darúgbó.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin òbí, ẹ fa àga ìyá àgbà súnmọ́ ọmọ, kí ẹ sì fún ọmọ ní aṣọ funfun tí ó lè bàjẹ́. Bí àwọn ọjọ́ yòókù nínú ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí ọ̀sán kan jẹ́ ti ọwọ́.