Ẹrù Akẹ́kọ̀ọ́ Nígbà Ọlidé: Àgádágodo Nìkan Kò Tó

Nígbà tí ìdánwò bá parí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kì í pẹ́ tí ariwo mìíràn fi ń gba ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Wọn a máa fa àpótí, wọn a máa ká tìmùtìmù, wọn a máa wá okùn, wọn a sì máa bẹ ọ̀rẹ́ pé kí ó bá wọn tọ́jú ìkòkò àti sítóòfù títí wọn yóò fi dé. Ọkọ̀ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn sì ti ṣáájú ara dé ilé. Ẹrù tí a fi odindi ọdún kó jọ, wákàtí kan ni a fi ń dì í, a ó sì fi ìyókù lé àgádágodo kékeré kan lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ yàrá tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ti lọ fún ọlidé gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan a dé, a bá ìwé rẹ̀ tí ó ti bu. Òmíràn a bá aṣọ tí èkúté ti gé jẹ, tàbí ìlẹ̀kùn tí a ti já. Òmíràn a bá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n a pàdánù ọ̀rẹ́ tí ó fi ẹrù náà síkàáwọ́ rẹ̀, nítorí ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ́rìí sí pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ẹni ìkẹyìn yìí ni ó burú jù. Owó lè ra ìkòkò mìíràn. Kò lè ra ọ̀rẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọlidé kì í fi dandan parí ní ọjọ́ tí a dá fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pa. Oṣù kan náà ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí ó gba oṣù 8 gbáko. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ 8, kí ó di ẹrù rẹ̀ bí ẹni tí ń lọ fún oṣù 8. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ìtọ́jú ohun ìní kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Láyé àtijọ́, àgbàdo tí a fẹ́ gbìn ní ọdún tí ń bọ̀, òkè ààrò ni a ń so ó kọ́ sí, kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀wà tí a kó pamọ́, a ń da ata gbígbẹ mọ́ ọn. Aṣọ òkè bí ẹ̀tù àti sányán, inú àpótí ni ó ń gbé, a sì ń kó o jáde sínú afẹ́fẹ́ lóòrèkóòrè.

Bí ẹnìkan bá sì ṣẹ́gi ìdáná sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fi ààlè sí i: ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tí ó ti fọ́, tàbí àkísà pupa. Nǹkan yẹpẹrẹ ni lójú. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan tú u dànù. Ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé igi yìí ní olóhun, pé olóhun mọ iye rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá mú un yóò jìyà rẹ̀. Ààlè kì í ṣe àgádágodo. Àdéhùn ni, láàárín olóhun àti gbogbo ìlú.

Àwọn tí ó gbé ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì onígbèélé ní 40 tàbí 50 ọdún sẹ́yìn kò lè gbàgbé àpótí onírin tí a fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọmọ sí lára. Orúkọ yẹn ni ààlè ìgbà ọ̀làjú. Àpótí náà wúwo, ṣùgbọ́n èkúté kò lè gé e, òjò kò sì lè rin ín. Lónìí, àpò aláràbarà tí a ń pè ní Ghana Must Go ni ó gbòde, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ ní 1983 nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà padà sí ìlú wọn. Ó fúyẹ́, ó ń gba ẹrù púpọ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àpò ìrìn-àjò ni, kì í ṣe àpò ìpamọ́. Omi ń wọ inú rẹ̀, eyín èkúté sì ń là á kọjá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gbogbo wọn ni ó jọra. Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ 100 bá wà nínú sítọ̀ kan láìsí orúkọ lára wọn, ta ni yóò mọ èyí tí í ṣe ti lágbájá?

Ọ̀tá mẹ́ta ni ẹrù ní. Èkíní ni òjò, nítorí pé ọlidé gígùn sábà máa ń bọ́ sí ìgbà òjò ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò yẹ kí a gbé ẹrù lé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ibi tí ọ̀rinrin àti ikán ti ń wá. Orí pákó tàbí búlọ́ọ̀kù ni ó yẹ ẹ́, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ògiri. Aṣọ àti bàtà tí kò gbẹ dáadáa kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rá, nítorí pé yóò bu. Inú ike onídèérí ni kí ìwé wà. Sílíńdà gáàsì àti sítóòfù tí epo wà nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá aṣọ àti ìwé gbé yàrá kan náà.

Ọ̀tá kejì ni èkúté àti kòkòrò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gàrí tí ó kù nínú ọ̀rá àti ẹ̀wà ìsàlẹ̀ agolo ni ó ń ya ògiri lẹ́nu fún èkúté. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti aṣọ lọ. Èkúté ni ó ń gbé ibà Lásà kiri, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí ó sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, tàbí kí ó fi tọrẹ. Ẹni tí ó bá sì dé, tí ó bá ìgbẹ́ èkúté nínú yàrá, kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Kí ó kọ́kọ́ da omi oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn sí i, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó tó nù ún kúrò. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò olómi wọ́n aṣọ àti oúnjẹ kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn. Ewu ńlá ni. Nítorí jàǹbá tí èyí tí a ń pè ní Dichlorvos ń ṣe, àjọ NAFDAC fòfin de títà á nínú ìgò kéékèèké ní 2019.

Ọ̀tá kẹta ni ènìyàn, òun sì ni àgádágodo kò lè ṣẹ́gun. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti lọ, ọjọ́ olóhun a máa pẹ́ kí ó tó dé. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe olè. Pọ́tà kó ẹrù láti yàrá kan sí òmíràn kí a lè kun ògiri. Onílé fẹ́ tún òrùlé ṣe. Ọ̀rẹ́ yá ẹlòmíràn ní ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní èrò ibi nínú wọn, síbẹ̀ ẹrù ti fọ́n ká.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni kíkà àti ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ìyá ọlọ́jà bá dá àjọ, alájọ a sàmì sí káàdì, ìyá a sì mú káàdì tirẹ̀ dání. Kò sí ẹni tí ń sọ pé wọn kò fọkàn tán ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ìwé méjì, kí ó mú ọ̀kan dání, kí ó fi èkejì fún ẹni tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀, kí ẹnìkẹta sì wà níbẹ̀. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lónìí lè ya àwòrán ẹrù náà kí a tó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn yóò sọ pé kíkọ ẹrù sílẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ jẹ́ ìwọ̀sí fún ọ̀rẹ́ náà. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìwé náà ń dáàbò bo ẹni tí a fi ẹrù síkàáwọ́ rẹ̀ ju ẹni tí ó ni ẹrù lọ. Ẹni tí ó gba ẹrù tí a kò kà, ẹjọ́ ni ó gbà sílé.

Àwọn òbí kan ní kí ọmọ kó gbogbo rẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti Sókótó wá kàwé ní Ifẹ̀ kò lè máa ru tìmùtìmù lọ, kí ó tún máa rù ú bọ̀. Àwọn ohun kan wà, síbẹ̀, tí kò yẹ kí ó sùn sí ibi tí olóhun kò sí: ìwé ẹ̀rí, ìwé ìbí, kọ̀ǹpútà alágbèéká, àti ìwé tí a fi ọwọ́ ara ẹni kọ nínú kíláàsì. Ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá sọnù yóò máa ti àgọ́ ọlọ́pàá dé ilé ẹjọ́ kí ó tó rí ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwọn. Kò tó kí a lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ògiri pé ẹni tí ó bá fi ẹrù sílẹ̀, ọrùn ara rẹ̀ ni ó wà. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń gba owó yàrá lè ya sítọ̀ kan sọ́tọ̀, kí ó fún olúkúlùkù ní ìwé ẹ̀rí ohun tí ó kó síbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni akápò ẹgbẹ́ lọ́la. Àwọn ni yóò máa tọ́jú owó báńkì àti dúkìá ìjọba. Ẹni tí kò kọ́ láti ṣírò ìkòkò méjì tí ọ̀rẹ́ fi síkàáwọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣírò ohun tí ìlú fi síkàáwọ́ rẹ̀?